Sóyà, ẹ̀pà, yànmọ̀tí, òwú, èkùrọ́: èwo ló yẹ nínú oúnjẹ ẹja àrọ̀?

Bí a bá ṣírò owó tí ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ ń ná láti ọjọ́ tó ra ọmọ ẹja títí di ọjọ́ tó kó ẹja jáde, oúnjẹ ló máa ń kó ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ. Nínú oúnjẹ yẹn náà, fíṣìmíìlì, ìyẹn ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ di ìyẹ̀fun, ló wọ́n jù, nítorí òkè òkun ni èyí tó dára ti ń wá, bí dọ́là bá sì ti gbéra ni owó rẹ̀ ń gbéra. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń po oúnjẹ ẹja fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, Ìkòròdú, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Òṣogbo, fi ń wá ohun ọ̀gbìn tó lè fi dín fíṣìmíìlì kù, kí ẹja má sì dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí a dúró sí kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun ọ̀gbìn kan tó lè dá gba ipò fíṣìmíìlì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹja àrọ̀. Sóyà ni òpó ilé. Ẹ̀pà ló tẹ̀lé e, bí ó bá mọ́. Yànmọ̀tí, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní bẹniséédì, máa ń ran sóyà lọ́wọ́ dáadáa. Òwú ní ààlà, a ò sì gbọdọ̀ fún ẹja ìyá rárá. Èkùrọ́ pọ́ọ́kú lójú ẹni tó ń ra àpò nìkan ni. Ewé jẹ́ àfikún lásán.

Ohun tí ẹja ń béèrè

Ẹja àrọ̀ tiwa, Clarias gariepinus, fẹ́ràn ẹran ju koríko lọ. Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ń fẹ́ oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ tó 50% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti gíráàmù 5 sí 50, 42 sí 45% ló dára. Bí ẹja bá ti kọjá gíráàmù 300, 35 sí 38% tó o. Torí náà, kí ẹ tó béèrè èwo ló dára jù nínú àwọn ohun ọ̀gbìn yìí, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹja tó fẹ́ jẹ ẹ́ ṣe tóbi tó. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fi pípo ṣeré lórí ẹja tí kò tíì tó gíráàmù 50. Oúnjẹ tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń jẹ kéré, ohun tí ẹ máa rí fi pa mọ́ níbẹ̀ kò tó nǹkan, àbùkù tó bá sì ti wọ̀ ọ́ lára nígbà yẹn, yóò bá a dàgbà ni.

Purotéènì tí wọ́n ń kọ sára àpò kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àkójọpọ̀ amino ásíìdì ni, méjì ló sì máa ń kọ́kọ́ tán nínú ohun ọ̀gbìn: láísìn àti mẹtáyónìn. Ẹ wò ó bí ilé kíkọ́. Bí búlọ́ọ̀kù tilẹ̀ kún ilẹ̀ bí òkè, ọjọ́ tí símẹ́ńtì bá tán ni iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹja ṣe rí. Ibi tí láísìn bá parí sí ni ẹran ara kíkọ́ parí sí. Purotéènì tó ṣẹ́ kù yóò di ohun tí ara ń jó bí igi ìdáná, nítirójìn inú rẹ̀ yóò sì gba ihò ìmí ẹja jáde sínú omi gẹ́gẹ́ bí amóníà. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tí kò dọ́gba ń jẹ owó yín lẹ́ẹ̀mejì: ẹja kò sanra, omi sì ń bàjẹ́ kíákíá.

Àwọn iye inú tábìlì yìí ni ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Kéèkì ni ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún òróró kóró jáde. Ọjà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ìkejì, nítorí náà ẹ ríi bí òṣùwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bu díẹ̀ lára ọjà yín lọ sí yàrá àyẹ̀wò bí ẹ bá fẹ́ ra púpọ̀. Òpin tó wà ní apá ọ̀tún pátápátá tábìlì jẹ́ fún ẹja tó ti kọjá gíráàmù 100.

| Ohun èlò | Purotéènì (%) | Láísìn (%) | Mẹtáyónìn (%) | Fáíbà (%) | Òpin nínú oúnjẹ 100 kg |
|---|---|---|---|---|---|
| Fíṣìmíìlì (fún ìfiwéra) | 65 | 4.9 | 1.8 | kò tó 1 | – |
| Kéèkì sóyà | 42–46 | 2.6–2.8 | 0.6 | 5–7 | 40–45 kg |
| Sóyà olóròóró | 36–38 | 2.2–2.4 | 0.5 | 5–6 | 15–25 kg |
| Kéèkì ẹ̀pà (GNC) | 40–48 | 1.4–1.7 | 0.45–0.5 | 5–10 | 20–25 kg |
| Kéèkì yànmọ̀tí | 40–45 | 1.0–1.2 | 1.1–1.3 | 5–8 | 8–12 kg |
| Kéèkì kóró òwú | 36–41 | 1.5–1.7 | 0.55–0.6 | 10–15 | 10–12 kg |
| Kéèkì èkùrọ́ (PKC) | 14–18 | 0.5–0.6 | 0.3 | 15–20 | 5–10 kg |

Ẹ má ka ìlà purotéènì nìkan. Láísìn tí ẹja àrọ̀ ń fẹ́ tó nǹkan bí 5 nínú gbogbo 100 purotéènì tó bá jẹ. Ẹ pín 2.7 ti sóyà pẹ̀lú 44: ẹ ó rí 6.1. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀pà, 1.55 pín pẹ̀lú 45: 3.4 péré. Yànmọ̀tí: 2.6. Ẹ̀pà àti sóyà lè ní purotéènì kan náà lára àpò, síbẹ̀ ẹni tó bá kó gbogbo sóyà jáde tó kó ẹ̀pà wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé láísìn sí méjì. Ní ti mẹtáyónìn, yànmọ̀tí ló gba ipò iwájú láàárín gbogbo wọn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé sóyà àti yànmọ̀tí bára mu, ọ̀kan ní ohun tí ìkejì kò ní. Ẹ̀pà àti yànmọ̀tí kò bára mu, ohun kan náà ló ń wọ́n àwọn méjèèjì.

Sóyà: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yan ló lè jèrè rẹ̀

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Èkíní ni kóró sóyà tí ẹ máa yan fúnra yín, tí òróró rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni kéèkì tí ẹ̀rọ fún òróró rẹ̀, tí òróró bíi 5 sí 7% ṣì kù sí i lára. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá fi kẹ́míkà fa òróró rẹ̀ jáde, òróró rẹ̀ kì í ju 1 sí 2% lọ, purotéènì rẹ̀ sì máa ń ga jù, ó sì dúró sójú kan láti àpò dé àpò. Bí owó rẹ̀ bá súnmọ́ ti èkejì, ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ mú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni sóyà tí iná kò kàn, tàbí tí iná kàn díẹ̀. Èròjà kan wà nínú kóró sóyà tó máa ń de trypsin mọ́lẹ̀, trypsin sì ni omi inú ìfun tó ń fọ́ purotéènì kí ara tó lè gbà á. Bí èròjà yìí bá wọ inú ẹja, ẹja yóò jẹun, yóò tún béèrè sí i, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà yóò kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ọlọ́sìn á máa rí ikùn tó kún, òṣùwọ̀n kò sì lọ sókè. Iná ló ń pa èròjà náà.

Bí ẹ ṣe máa yan án rèé. Ẹ ṣa òkúta àti kóró tó ti bu kúrò. Ẹ gbé agbada ńlá kaná, ẹ má da ju ohun tí ẹ lè máa rò láìdúró lọ sínú rẹ̀. Ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lórí iná tí kò le jù. Bí kóró bá ti di àwọ̀ wúrà, tí èèpo rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀, tí ẹ bá la kóró kan sí méjì tí inú rẹ̀ náà ti yí padà, tí kò rùn bí ẹ̀wà tútù mọ́, ó ti tó. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ yan án lè sè é fún ìṣẹ́jú 30 láti ìgbà tí omi bá ti hó, kí ó sì sá a kó gbẹ kanrin. Ó dára bákan náà, àmọ́ lásìkò òjò gbígbẹ rẹ̀ máa ń jẹ́ wàhálà, sóyà tí kò gbẹ dáadáa yóò sì bu.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó pò ó. Ẹ bu ìyẹ̀fun sóyà yín ṣíbí ìjẹun 2 sínú ìgò onídèérí, ẹ fi ajílẹ̀ yúríà ṣíbí kékeré 1 sí i, ẹ da omi sí i títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ tó ki, ẹ ro ó pọ̀, ẹ dé e pinpin fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ wá ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí òórùn amóníà bá gba imú yín, bí òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, iná kò tó. Bí kò bá rùn, iná ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ má baà ṣi í mú, ẹ ṣe ìgò kejì pẹ̀lú sóyà tí iná kò kàn rárá, kí ẹ lè mọ bí òórùn náà ṣe ń rí. Ẹ da ohun tó wà nínú ìgò méjèèjì nù, ẹ má dà á padà sínú oúnjẹ.

Ìdánwò yìí kò lè fi iná tó pọ̀ jù hàn. Sóyà tó ti di àwọ̀ kọfí, tó ń rùn bí ohun jíjó, kò ní rùn amóníà, ṣùgbọ́n láísìn inú rẹ̀ ti so mọ́ ṣúgà, ẹja kò lè rí i lò mọ́. Ojú yín ni ẹ máa fi mọ èyí. Àwọ̀ wúrà ni à ń wá.

Ọ̀rọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ohun ọ̀gbìn ló so mọ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fítéètì, ìfun ẹja kò sì ní ohun tó lè tú u. Bí ẹ bá ti ń dín fíṣìmíìlì kù, eegun ẹja tó wà nínú rẹ̀ náà ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ẹja ò rí àrọ́pò. Ẹ fi DCP, ìyẹ̀fun tó ní kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kílò 1.5 sí 2 sí i nínú 100 kg. Ẹnsáìmù phytase, tó ń tú fítéètì, wúlò bí ẹ bá rí i rà, àmọ́ ooru ẹ̀rọ tó ń ṣe oúnjẹ tó ń léfòó máa ń pa á. Ẹ máa fọ́n ọn sára oúnjẹ lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú ẹ̀rọ ni.

Ní ti sóyà olóròóró, òróró 18 sí 20% inú rẹ̀ ń fún ẹja ní agbára, ẹ kò sì ní ra òróró lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá 25 kg nínú 100, pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn hóró oúnjẹ tí ẹ̀rọ ṣe, kì í dì mọ́ra. Yóò máa fọ́ sínú omi kí ẹja tó dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ pẹ́lẹ́ẹ̀tì kékeré ni èyí ń dà láàmú jù.

Ẹ lè gbọ́ pé sóyà ń ba ìfun ẹja jẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹja salmon ti òkè òkun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní Norway, nǹkan bí 90% oúnjẹ salmon ló wá láti inú òkun ní 1990. Nígbà tó fi di 2013, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 30%, ohun ọ̀gbìn ló sì gba ipò rẹ̀. Kéèkì sóyà lásán máa ń mú kí ìpẹ̀kun ìfun salmon wú, torí náà sóyà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ sí i ni wọ́n ń lò. Ìfun ẹja àrọ̀ ń fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀pà: ọ̀rẹ́ ẹja, àmọ́ ẹ wo ẹnu àpò

Ẹja fẹ́ràn òórùn ẹ̀pà. Oúnjẹ tí GNC bá wà nínú rẹ̀, wọn kì í tu ú dànù. Ó tún rọrùn láti lọ̀, kò sì béèrè yíyan lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́: àdàlú àti bíbu.

Àdàlú kọ́kọ́. Kéèkì ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ wá láti òkè ọya máa ń ní iyanrìn àti èèpo ẹ̀pà nínú, nígbà míì PKC gan-an ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ wọn gíráàmù 100, ẹ dà á sínú ike omi, ẹ rò ó dáadáa, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ sì rọra da èyí tó léfòó àti èyí tó ń rì díẹ̀díẹ̀ kúrò. Ẹ da omi míì sí i, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ ike ni iyanrìn. Ẹ sá a gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ju gíráàmù 3 lọ, ẹ dá àpò náà padà. Èèpo ẹ̀pà ni ẹ máa rí tó ń léfòó bí eérú igi. Bí ó bá pọ̀, purotéènì kò lè tó iye tí wọ́n pè é. Ìdí tí a fi ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti ra kéèkì tó ṣì wà ní ègé ńlá, kí wọ́n lọ̀ ọ́ fúnra wọn, nìyí. Ó ṣòro láti fi iyanrìn pamọ́ sínú ègé.

Bíbu ló le jù. Olú tíntín kan tó máa ń hù lára ẹ̀pà tó lọ́rinrin ló ń ṣe májèlé aflatoxin. Ní 1960 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní 100,000 tòlótòló tó kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ kéèkì ẹ̀pà tó wá láti Brazil. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé náà. Nínú ẹja, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹja á dín kù, àrùn á máa wọlé sí i lára, ìdàgbà á sì fà sẹ́yìn láìsí pé ẹja kan ń kú lójijì. Nítorí ìyẹn ni ọlọ́sìn fi máa ń di ẹ̀bi ru omi tàbí ọmọ ẹja tó rà.

Iná kì í mú aflatoxin kúrò. Ẹ yan án, ẹ dín in, ẹ sá a sóòrùn, ó ṣì wà níbẹ̀. Pípo ẹ̀pà tó bu mọ́ èyí tó dára náà kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ òfin oúnjẹ ẹran gbà láyè kò ju 20 nínú bílíọ̀nù kan lọ, ojú kò lè rí i, imú kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni láti kọ àmì rẹ̀: kéèkì tó ní funfun tàbí àwọ̀ ewé lára, tó ń rùn bí ilẹ̀ tútù, tí inú àpò rẹ̀ gbóná nígbà tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ gbé àpò lé pákó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 kúrò nílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó kan ògiri. GNC tó ní òróró púpọ̀ kò yẹ kó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ nílé yín, torí òróró náà yóò kan. Lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ 3 ni kí ẹ fi mọ.

Yànmọ̀tí, òwú, èkùrọ́

Yànmọ̀tí kì í pọ̀ lọ́jà ní ìhà tiwa, nítorí ọ̀pọ̀ kóró rẹ̀ ló ń lọ sókè òkun láìtíì fún un. Bí ẹ bá rí kéèkì rẹ̀, 8 sí 12 kg nínú 100 ti tó láti gbé mẹtáyónìn sókè. Ó máa ń korò lẹ́nu bí wọn kò bá bó èèpo rẹ̀, èèpo yẹn náà ló ní ọ́sálétì tó ń de kálísíọ̀mù. Ẹ lò ó pẹ̀lú sóyà.

Kóró òwú ní gọ́sípọ́ọ̀lì, májèlé tí igi òwú fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Ó ń dá ìdàgbà dúró, ó sì ń ba àtọ̀ àti ẹyin jẹ́, ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má fún ẹja ìyá àti akọ tí ẹ fẹ́ fi bí ọmọ. Irin máa ń so gọ́sípọ́ọ̀lì mọ́lẹ̀, torí náà àwọn tó ń lò ó máa ń fi ferrous sulphate sí i. Ẹ̀rọ ìfúnróró tó gbóná náà ń so ó, àmọ́ láísìn ló fi ń san owó rẹ̀. Òwú náà ń ní aflatoxin bí ẹ̀pà. Ní àwọn ọdún 1960, kéèkì òwú tó bu wà lára ohun tó mú kí ẹja trout púpọ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Mississippi, wọ́n ṣì ń lò ó pẹ̀lú sóyà nínú oúnjẹ channel catfish tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 28 tàbí 32%, tí fíṣìmíìlì inú rẹ̀ kéré gan-an tàbí tí kò sí rárá. Ẹ má da ìwé wọn kọ wálé. Channel catfish kì í ṣe ẹja àrọ̀ tiwa, ohun tó tó o kò tó tiwa.

PKC wà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń fún àdín, ó sì pọ́ọ́kú. Ohun tó ń fa àwọn ènìyàn mọ́ra nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi owó wọ̀n ọ́n. Iye wọ̀nyí fún ìṣirò nìkan ni, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò wọn: ká ní kéèkì sóyà jẹ́ ₦700 ní kílò, GNC ₦650, PKC ₦250. Ẹ pín owó pẹ̀lú purotéènì: kílò purotéènì kan láti inú sóyà (44%) di ₦1,591, ti ẹ̀pà (45%) di ₦1,444, ti PKC (16%) di ₦1,563. Àpò tó dà bí ẹni pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti sóyà ti bá a dọ́gba báyìí. Ẹ tún pín in pẹ̀lú láísìn: kílò láísìn kan jẹ́ ₦25,926 láti inú sóyà, ₦41,935 láti inú ẹ̀pà, ₦45,455 láti inú PKC. Sóyà ló wá pọ́ọ́kú jù. Bẹ́ẹ̀ a kò tíì ka fáíbà, tí ẹja àrọ̀ kò lè fọ́, tó sì ń di ìgbẹ́ sínú omi, tàbí ègé kéékèèké èèpo èkùrọ́ tó ń jẹ ojú ẹ̀rọ pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Tìlápíà ń fara da PKC jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹja àrọ̀, 5 kg nínú 100 dára, 10 ni òpin.

Ewé mòríńgà gbígbẹ ní purotéènì bíi 25 sí 30%. 5 sí 10 kg nínú 100 kò burú, ẹ sá a sábẹ́ òjìji. Ewé ẹ̀gẹ́ ní sáyánáìdì: ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kó rọ mọ́jú, ẹ sá a fún ọjọ́ 2 sí 3 kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Azolla tútù jẹ́ omi ju ìdá 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kílò 1 gbígbẹ yóò kó ju kílò 10 jáde nínú omi. Ó dára fún tìlápíà tí ẹ bá dà á sí lójú omi tààrà.

Bí a ṣe ń pò ó

Àpẹẹrẹ oúnjẹ 100 kg fún ẹja tó ti kọjá gíráàmù 300: fíṣìmíìlì (65%) 15 kg, kéèkì sóyà (44%) 35 kg, GNC (45%) 20 kg, àgbàdo 24.4 kg, òróró 3 kg, DCP 1.5 kg, prẹ́míìsì (àdàlù fítámì àti míńírà) 0.5 kg, iyọ̀ 0.3 kg, mẹtáyónìn 0.2 kg, fítámì C 0.1 kg. Purotéènì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 36%. Láísìn inú rẹ̀ súnmọ́ kílò 2.05, ó sì tó láìfi kún un.

Ká wá ní sóyà wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fẹ́ mú 20 kg kúrò, kí ẹ fi GNC dípò. Ìyẹn ti ju òpin tí a kọ sínú tábìlì lọ, ẹ̀pà tí ẹ ti yẹ̀ wò dáadáa nìkan ló lè gbà á. Purotéènì kò yẹ̀, 36% ṣì ni. Ṣùgbọ́n kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ pààrọ̀ ń mú láísìn gíráàmù 11.5 lọ, 20 kg ti mú gíráàmù 230 lọ, láísìn wá kù sí 1.82. Láísìn oníyẹ̀fun gíráàmù 300, tí láísìn gidi inú rẹ̀ jẹ́ 78%, yóò dá gíráàmù 234 padà. Owó gíráàmù 300 yẹn ni kí ẹ fi wé owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́.

Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ kó kúnná, kó gba ojú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ 0.5 mm kọjá. Ohun ọ̀gbìn tí kò kúnná kì í fọ́ nínú ìfun, ó tún ń mú kí pẹ́lẹ́ẹ̀tì sán. Àwọn èròjà kéékèèké, ẹ kọ́kọ́ pò wọ́n mọ́ àgbàdo lílọ̀ 5 kg lọ́tọ̀ kí ẹ tó dà wọ́n sínú gbogbo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igun kan yóò ní prẹ́míìsì, igun kejì kò ní ní. Ooru máa ń pa fítámì C. Bí oúnjẹ yín bá ń gba inú ẹ̀rọ gbígbóná, ẹ po ó mọ́ òróró, kí ẹ fi pa oúnjẹ lára lẹ́yìn tó bá tutù. Ẹja tí fítámì C rẹ̀ kò tó máa ń sán lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń wọ́. Bí ẹja bá gba oúnjẹ sẹ́nu tó tún tu ú, adùn ni kò tó: ẹ fi òróró ẹja ìdajì kílò rọ́pò ìdajì kílò nínú òróró yẹn, òun ni kí ẹ fi pa á lára.

Ẹ dán an wò lórí ẹja díẹ̀

Ẹ má gbé gbogbo pọ́ńdì sórí oúnjẹ tuntun lọ́jọ́ kan. Ẹ mú táńkì méjì tí omi wọn dọ́gba, ẹ fi ẹja 50 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òṣùwọ̀n wọn bára mu. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oúnjẹ tuntun kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ; ẹ máa fi kún un títí di ọjọ́ kẹwàá. Ẹ wọn gbogbo oúnjẹ tó wọlé, ẹ wọn ẹja lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ 8.

Bí àbájáde rẹ̀ ṣe lè rí rèé. Ẹja 50 bẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 120, ìyẹn kílò 6. Nínú táńkì oúnjẹ àtijọ́, 48 ló kù ní gíráàmù 450, kílò 21.6: wọ́n fi 15.6 kún un lórí oúnjẹ kílò 20.3, kílò 1.3 fún kílò ẹja kan. Nínú táńkì tuntun, 49 ló kù ní gíráàmù 390, kílò 19.1: wọ́n fi 13.1 kún un lórí kílò 19.7, ìyẹn 1.5. Bí oúnjẹ àtijọ́ bá jẹ́ ₦1,100, tí tuntun jẹ́ ₦950, kílò ẹja kan ná yín ní ₦1,430 tẹ́lẹ̀, ₦1,425 báyìí. Náírà 5 ni èrè, ẹja kọ̀ọ̀kan sì fi gíráàmù 60 kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Yóò lo ọ̀sẹ̀ kan sí i nínú omi kó tó tó ojú òṣùwọ̀n tí oníbàárà ń béèrè. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò tíì tó láti pààrọ̀, àfi kí ẹ tún un pò.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹ la ẹja 3 láti inú táńkì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ẹ̀dọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí àwo funfun. Ẹ̀dọ̀ tó dára pọ́n dòdò, ó dán, ẹ̀bá rẹ̀ mú. Bí ti táńkì tuntun bá ní àwọ̀ ọsàn, tó rọ̀ tàbí tó ní àmì funfun wẹ́wẹ́, ẹ padà sí àpò ẹ̀pà àti igò òróró yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn nínú ìpò náà.